Kí Ẹ Tó Ra DAC Olówó Ńlá: Ìdánwò Etí Nínú Pálọ̀

Ẹni tó bá fẹ́ ta DAC, ẹ̀rọ tó ń sọ òǹkà orin di iná tí sípíkà fi ń dún, fún yín mọ ohun tó ń ṣe. Á gbé ẹ̀rọ méjì sórí tábìlì, á fi orin sí èyí tí owó rẹ̀ kéré, á pa á, á tún fi orin kan náà sí èyí tó wọ́n, á wá ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́ bó ṣe jinlẹ̀!" Lóòótọ́, ó jinlẹ̀. Ìlù ń dún kì-kì, ohùn akọrin sì sún mọ́ yín bí ẹni pé inú yàrá ló wà. Ohun tí kò sọ fún yín ni pé iná tí ẹ̀rọ kejì yìí ń gbé jáde fi díẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, ìyẹn ló jẹ́ kó dún sókè jù ú lọ. Bí ìyàtọ̀ bẹ́ẹ̀ bá kéré, etí kì í mọ̀ pé ariwo ló pọ̀ sí i. Adùn ló máa kà á sí.

Ẹni tó wà ní Ìkẹ́rẹ́, Ìsẹ̀, Ọ̀rùn tàbí Emùré ní Èkìtì, tó sì fẹ́ irú ẹ̀rọ yìí, ọjà Alábà tàbí Computer Village ní Ìkẹjà ló sábà máa ń forí lé, tàbí kó bẹ àbúrò tó wà lókè òkun pé kó fi ránṣẹ́. Ariwo ọjà kò sì jẹ́ kéèyàn gbọ́ nǹkan kan dájú ní Alábà. Nítorí náà, pálọ̀ yín gan-an ni ilé ẹjọ́ tí DAC yóò ti jẹ́jọ́. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bá ọlọ́jà ṣàdéhùn ọjọ́ tí ẹ lè dá a padà, kí ẹ sì jẹ́ kó kọ ọ́ sínú rìsíìtì.

Èrò mi nìyí, kí n tètè sọ ọ́: nínú ohun tí àwọn ènìyàn ń pè ní ìyàtọ̀ DAC, èyí tó pọ̀ jù ń wá láti ibòmíràn. Ó lè wá láti inú orin fúnra rẹ̀, láti inú iná ilé, láti ara ìwọ̀n ohùn, tàbí láti ara ògiri. Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn wọ̀nyí kúrò lọ́nà. Èyí tó bá ṣẹ́kù ni ti DAC, òun náà lẹ sì máa fowó rà.

Iṣẹ́ tí DAC ń ṣe

Orin tó wà nínú fóònù, kọ̀ǹpútà tàbí CD kò tíì di ohùn níbẹ̀. Òǹkà lásán ni. Nígbà tí Sony àti Philips gbé CD jáde ní 1982, ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ni pé kí a máa wọn ìgbì ohùn ní ìgbà 44,100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kí a sì fi bíìtì 16 kọ ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan sílẹ̀. Ìyẹn tó láti gbé gbogbo ohùn tí etí ọmọ ènìyàn lè gbọ́, láti orí 20 Hz títí dé 20,000 Hz. DAC ló ń ka àwọn òǹkà náà, tó ń sọ wọ́n di iná tó ń lọ sókè sódò. Amplifier á sọ iná yẹn di ńlá, sípíkà á sì fi mi afẹ́fẹ́. Fóònù yín ní DAC nínú, tẹlifíṣọ̀n yín náà ní. Ohun tó kù láti mọ̀ ni bóyá èyí tí ẹ fẹ́ rà sàn ju èyí tó wà nílé lọ débi tí etí fi lè mọ̀ ọ́n.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà ara páálí kó jìnnìjìnnì bá yín. Bíìtì 16 ń fúnni ní nǹkan bíi désíbẹ̀lì 96 láàárín ohùn tó lọ sílẹ̀ jù àti èyí tó lọ sókè jù. Pálọ̀ tó dákẹ́ dáadáa lóru, tí kò sí fáànù, tí kò sí jẹnẹrétọ̀, ṣì ní ariwo tó tó désíbẹ̀lì 30. Bí ẹ bá gbé orin dé 90, aládùúgbò á ti máa kan ilẹ̀kùn. Ààyè tí ẹ ní kò ju 60 lọ, ẹni tó kọ 120 sára páálí sì ń ta ohun tí yàrá yín kò lè gbà fún yín.

Ní ti owó, ìyàtọ̀ ibẹ̀ yani lẹ́nu. Apple ń ta ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a fi ń so agbétíkọ́ mọ́ ihò USB-C ní nǹkan bíi dọ́là 9 ní Amẹ́ríkà, odindi DAC ló sì wà nínú rẹ̀. Chord, ilé iṣẹ́ kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ń ta DAC kan tó ń jẹ́ DAVE ní iye tó ju 10,000 dọ́là lọ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ ra èyí tó kéré yẹn, kí ẹ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà, torí pé lórí ọ̀pọ̀ fóònù Android ohùn rẹ̀ máa ń lọ sílẹ̀ jù, kí ẹ sì fi ṣe alátakò nínú ìdánwò. DAC olówó ńlá tí kò bá lè na èyí tí owó rẹ̀ kò tó jálá epo mẹ́wàá kò yẹ kó wọlé yín.

Ẹ yẹ orin wò ná

Ẹ̀rọ kankan kò lè dá ohun tí wọ́n ti gé sọ nù padà. Ìṣẹ́jú kan orin CD gba nǹkan bíi 10 MB. Ìṣẹ́jú kan MP3 oní-128, irú èyí tó kún inú mẹ́mọ́rì káàdì tí wọ́n ń tà létí títì, kò ju 1 MB lọ. Èyí tí wọ́n dà kọ láti kásẹ́ẹ̀tì sí fóònù, láti fóònù sí WhatsApp, ti gba ọwọ́ púpọ̀ kọjá. Ó dùn ún jó, kò dára fún ìdánwò.

Ẹ wá orin tó jẹ́ FLAC (fáìlì tí kò gé nǹkan kan sọ nù) tàbí tí ẹ fúnra yín gbà láti inú CD. Kì í ṣe gbogbo ohun tó ń jẹ́ FLAC ló jẹ́ FLAC o. Àwọn kan ń mú MP3, wọ́n á kàn yí orúkọ àti aṣọ rẹ̀ padà. Láti mọ̀, ẹ ṣí orin náà nínú Audacity, tí a kì í sanwó fún, kí ẹ sì ní kó fi àwòrán Spectrogram rẹ̀ hàn yín, èyí tó ń fi bí ohùn ṣe ga tó hàn láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Bí àwọ̀ bá kàn gé gbẹ̀ẹ́ ní nǹkan bíi 16,000 Hz látìbẹ̀rẹ̀ dópin, tí òkè rẹ̀ ṣú, MP3 ló wọ agbádá yẹn. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ Android máa ń yí gbogbo orin padà sí ìwọ̀n 48,000 kó tó fi ránṣẹ́. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi ṣe ìdánwò, ẹ má lo Bluetooth rárá: òun náà ń gé orin kó tó fò, DAC inú sípíkà Bluetooth ló sì ń ṣiṣẹ́, tiyín kò sí níbẹ̀.

Iná ilé

Ibí ni ìdánwò ti sábà máa ń dàrú lágbègbè wa. Ẹ so ẹ̀rọ gbogbo pọ̀, ẹ má fi orin sí i, ẹ gbé fóólúùmù sí ibi tí ẹ máa ń gbé e sí, kí ẹ wá fi etí lé sípíkà. Bí ó bá ń kùn bí oyin, iná 50 Hz ló ti ráyè wọlé. Bí ó bá ń ṣe ṣííì tàbí tó ń ké bí kòkòrò, tí igbe náà sì ń yí padà bí ẹ ṣe ń mi máàsì, kọ̀ǹpútà ló ń da ìdọ̀tí sínú wáyà USB. Ẹ yọ ṣájà kọ̀ǹpútà kúrò lára iná, kó máa lo bátìrì. Bí ariwo náà bá dákẹ́ wẹ́rẹ́, ẹ ti rí ọ̀daràn, ẹ ò sì tíì ná kọ́bọ̀.

Ẹ dán an wò lórí gbogbo irú iná tí ẹ ń lò: ti ìjọba, ti jẹnẹrétọ̀, ti inverter. Inverter olówó pọ́ọ́kú kì í fúnni ní iná tó yípo geere. Ó máa ń gé e ní igun, igun yẹn sì máa ń wọ inú amplifier bí ariwo. DAC tó dákẹ́ lórí iná ìjọba lè máa kùn lórí irú inverter bẹ́ẹ̀, kò sì sí ẹ̀bi DAC nínú rẹ̀. Bí owó yín kò bá tó nǹkan méjì, ẹ ra inverter tó ń gbé ojúlówó ìgbì jáde kí ẹ tó ra DAC. Fíríìjì yín náà á dúpẹ́.

Ọ̀rọ̀ áàtì, wáyà tó so iná ilé mọ́ ilẹ̀, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àpáta sún mọ́ òkè ilẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibi lágbègbè yìí, ẹni tó bá sì ti wo àpáta Olósùnta àti Òrólè ní Ìkẹ́rẹ́ kò nílò àlàyé. Ọ̀pá áàtì kì í rọrùn láti gbá wọlé níbi àpáta, ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ kì í sì í gba iná bí ilẹ̀ tútù ṣe ń gbà á. Àwọn ilé mìíràn wà tó jẹ́ pé ihò kẹta ara sọ́kẹ́ẹ̀tì kò so mọ́ nǹkan kan. Ẹ pe oníṣẹ́ iná kó wọ̀n ọ́n. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì kí ariwo lè dákẹ́, ẹ má gbà fún un: ariwo náà lè dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí iná bá jó wọ inú irin ẹ̀rọ, ara ẹni tó bá fọwọ́ kàn án ni yóò gbà kọjá.

Kí ohùn méjèèjì dọ́gba

Èyí ni ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fò. Ẹ̀rọ CD ayé àtijọ́ ń gbé fólítì 2 jáde nígbà tí ohùn rẹ̀ bá ga jù. DAC òde òní mìíràn ń gbé 2.5 jáde, ìyàtọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó désíbẹ̀lì 2. Èyí tó ní ihò XLR lè gbé 4 jáde, désíbẹ̀lì 6 sì nìyẹn. Bí ẹ kò bá dọ́gba wọn, fólítì lẹ ń dájọ́ fún.

Ẹ yá mítà lọ́wọ́ oníṣẹ́ iná. Nínú Audacity, ẹ ṣe ohùn kan tó dúró lójú kan ní 200 Hz. Ẹ má lo 1,000 Hz tí àwọn ìwé ń dárúkọ: mítà kékeré tó wà lọ́wọ́ àwọn oníṣẹ́ iná wa, iná 50 Hz ni wọ́n ṣe é fún, bí ohùn bá sì ti ga jù, ó lè máa purọ́. Ẹ so DAC àkọ́kọ́ mọ́ amplifier, ẹ jẹ́ kí ohùn náà máa dún, ẹ yí mítà sí fólítì AC, ẹ fi ọ̀pá pupa kan ojú pupa sípíkà lẹ́yìn amplifier, kí ẹ fi dúdú kan dúdú. Ẹ ṣọ́ra kí ọ̀pá méjèèjì má kan ara wọn. Ẹ yí fóólúùmù amplifier títí mítà á fi kọ 2.00, ẹ má sì tún fọwọ́ kàn án mọ́. Ẹ wá yí padà sí DAC kejì. Bí mítà bá kọ 2.47, ẹ fi fóólúùmù DAC yẹn tàbí ti kọ̀ǹpútà fà á wálẹ̀ títí á fi wà láàárín 1.98 sí 2.02. Nígbà yẹn, ìyàtọ̀ wọn kò ju nǹkan bí ìdá mẹ́wàá désíbẹ̀lì kan lọ, etí kò sì ní fi ariwo pe adùn mọ́.

Níbi yìí ni ọ̀pọ̀ ìyàtọ̀ "ọ̀sán àti òru" ti máa ń parẹ́. Mo ti rí i tí ojú ẹni tó ni ẹ̀rọ á kọ́rẹ́ lọ́wọ́, tí á ní kí a tún mítà wò.

Ìdánwò láìwo ojú

Ẹ so DAC méjèèjì mọ́ kọ̀ǹpútà kan náà nípasẹ̀ ihò USB méjì, kí ọ̀kan wọ ihò "CD" lẹ́yìn amplifier, kí èkejì wọ "AUX". Ẹ fi aṣọ bo iwájú gbogbo rẹ̀. Ẹ wá ẹnìkan tí yóò máa yí wọn padà, kó má jẹ́ ọmọ tó máa ń rẹ́rìn-ín, torí ojú rẹ̀ á sọ ohun tí etí yín kò gbọ́. Kó dúró níbi tí ẹ kò ti ní rí ojú rẹ̀, kó má sọ̀rọ̀. Kó máa ju owó kọ́ìnì: orí ni ti àkọ́kọ́, ìdí ni ti èkejì, kó kọ ohun tó jáde sínú ìwé. Ẹ̀yin náà kọ ohun tí ẹ rò pé ó ń dún. Kí ìyípadà náà yá, kí ó má ju ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan lọ, nítorí ìrántí etí kúrú. Bí wọ́n bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún tú wáyà, ẹ ti gbàgbé ohun tí ẹ gbọ́. Kí orin má ju ìdajì ìṣẹ́jú lọ, apá kan náà lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan.

Ẹ ṣe é nígbà mẹ́wàá. Ẹni tó bá kàn ń méfò á gba márùn-ún tàbí mẹ́fà, kódà méje kò ṣọ̀wọ́n. Bí ẹ bá gba mẹ́sàn-án, ọ̀rọ̀ ti di òótọ́: àǹfààní kí ìméfò débẹ̀ kò ju bí ẹyọ kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ẹni tó gba mẹ́fà tó wá ní òun gbọ́ ìyàtọ̀, ẹ jẹ́ kó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i lọ́jọ́ mìíràn, nígbà tí ara rẹ̀ bá silẹ̀.

Ẹ má rò pé etí Èkìtì nìkan ni èyí ń dójú tì. Ní 2007, Brad Meyer àti David Moran tẹ àbájáde ìdánwò wọn jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ohùn ní Amẹ́ríkà. Wọ́n ń lo orin tí òǹkà rẹ̀ ju ti CD lọ dáadáa, wọ́n á wá mú un gba ọ̀nà ìwọ̀n CD kọjá ní àárín, kí àwọn olùgbọ́ sọ ìgbà tó gba ibẹ̀ àti ìgbà tí kò gbà. Nínú ìgbà 554, 276 ni wọ́n gbà. Ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì géérégé. Àwọn tó ń tẹ́tí gbọ́ kò jẹ́ òpè. Àwọn oníṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù wà lára wọn.

Ọjọ́ orí náà ní ipa tirẹ̀. Ẹni ọgọ́ta ọdún kì í sábà gbọ́ ohun tó wà lókè 12,000 Hz mọ́, ọmọ ogún ọdún sì ń gbọ́ ọ. Bí Bàbá bá ní kò sí ìyàtọ̀, tí ọmọ ní ó wà, ẹ jẹ́ kí ọmọ náà jókòó ṣe mẹ́wàá tirẹ̀ kí ẹ tó pè é ní ọ̀yájú.

Orin wo ni kí a fi dán an wò?

Èyí tí ẹ mọ̀ nínú orí ni. Àwo *Juju Music* tí King Sunny Adé ṣe fún Island ní 1982 dára gan-an. Gìtá onírin Dẹ́mọ́lá Adépọ̀jù máa ń fà lọ gbọọrọ nínú rẹ̀, ẹ ó sì gbọ́ bí ohùn rẹ̀ ṣe ń kú lọ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tó ní ìdọ̀tí á bo ìparí yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀: ó yẹ kí ẹ gbọ́ bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń ṣubú sára igbá lẹ́yọ lẹ́yọ, kó má di ṣíì kan ṣoṣo. Èyí ni MP3 kọ́kọ́ máa ń bà jẹ́.

Ẹ tún wá orin alámọ̀ tí àwọn obìnrin wa ń kọ. Àwọn Èkìtì kì í sábà gbe orin ní ohùn kan. Ohùn kejì á máa tẹ̀lé ti àkọ́kọ́ láti òkè tàbí láti ìsàlẹ̀. Ẹ gbìyànjú láti tẹ̀lé ohùn ìsàlẹ̀ yẹn nìkan láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá ń bọ́ mọ́ yín lọ́wọ́ lórí DAC kan tí kò sì bọ́ lórí èkejì, ẹ ti ní ohun tí ẹ lè fi ṣe ìdánwò mẹ́wàá.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni kí ẹ gba ohùn ẹni tí ẹ mọ̀ sílẹ̀. Ẹ lọ yá ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ tó dára, ẹ ní kí Màámi ki oríkì yín ní ìṣẹ́jú kan, kí onígángan kan lù ú tẹ̀lé e. Kò sí olóhùn tí ẹ mọ̀ jù ú lọ. Bí ohùn Màámi bá ti imú jáde nínú sípíkà, ẹ mọ̀ pé irọ́ wà níbì kan.

Ibo ni irọ́ yẹn wà? Nígbà púpọ̀, nínú yàrá ni. Pálọ̀ wa, búlọ́ọ̀kù tí a fi sìmẹ́ńtì rẹ́, táìsì nílẹ̀, gíláàsì lójú fèrèsé, kò ní ohun tó ń gbé ohùn mì. Ẹ pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan láàárín yàrá. Bí ó bá dún padà taa, ohùn kankan kò lè mọ́ níbẹ̀. Kápẹ́ẹ̀tì, kọ́tìnì tó nípọn àti àga onítìmùtìmù á ṣe ju DAC ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ. Ẹ má sì ṣe ìdánwò nígbà òjò. Páànù kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ara rẹ̀.

Àwọn ìyàtọ̀ tó jẹ́ òótọ́

Wọ́n wà. DAC kan wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe láìní asẹ́ tó ń sẹ́ ohùn. Àwọn tó ń tà á ń yìn ín pé ó tutù létí. Òtítọ́ ni pé ó tutù: ohùn tó wà ní 20,000 Hz á ti dín ní nǹkan bíi désíbẹ̀lì 3 nínú orin CD. Èyí tó ní gílóòbù inú, irú ti rédíò ayé àtijọ́, máa ń fi ìdọ̀tí díẹ̀ kún un, àwọn kan sì fẹ́ràn ìdọ̀tí náà. Bí ẹ bá fẹ́ràn rẹ̀ kò burú, ẹ kàn mọ̀ pé ọbẹ̀ tí wọ́n fi ata sí lẹ ń rà. Ti agbétíkọ́ tún yàtọ̀: ẹ̀rọ tí ojú àbájáde rẹ̀ kò bá lágbára lè yí ohùn agbétíkọ́ mìíràn padà, etí á sì gbọ́ ọ kedere. Ní ti orúkọ chip inú rẹ̀, bóyá ESS ni, tàbí AKM, tàbí Cirrus Logic, ẹ má jẹ́ kó gba oorun lójú yín.

Kí ẹ tó kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì

Bí ó bá ti Amẹ́ríkà wá, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ kí ẹ tó ṣe ohunkóhun. Bí wọ́n bá kọ 100 sí 240 fólítì, kò séwu. Bí ó bá jẹ́ 120 nìkan, iná wa á jó o ní wàrà-ǹ-ṣe-ṣà, torí 230 ni ti wa, nígbà mìíràn á tún fò kọjá bẹ́ẹ̀. Àwọn kan ní bọ́tìnì kékeré pupa tí ẹ lè fi bírò tì láti 115 sí 230. Ẹ tì í nígbà tí púlọ́ọ̀gì ṣì wà lọ́wọ́ yín. Èyí tí kò bá ní bọ́tìnì, ẹ ra tiransifọ́mà tó ń sọ iná di 110, tí agbára rẹ̀ tó ìlọ́po méjì ohun tí DAC ń jẹ. Sitabiláísà dára, ṣùgbọ́n àwọn mìíràn máa ń kọ tàà bí wọ́n bá ń yí iná padà, ẹ ó sì gbọ́ tàà yẹn nínú sípíkà. Ẹ gbé e jìnnà sí wáyà DAC. Ẹ fi àyè sílẹ̀ yí ẹ̀rọ náà ká, ó kéré tán ìbú ọwọ́ kan. Ní oṣù Ẹrẹ́nà, tí ooru bá mú, ẹ̀rọ tí kò rí afẹ́fẹ́ máa ń ráhùn.